Ọmọ Àkọ́bí Ilẹ̀ Pupa

"Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò lára ìkòkò yẹn! Mo ní ẹ gbé e kúrò! Ta ló fẹ́ sin ibi ọmọ-ọmọ mi sínú yẹ̀pẹ̀ tí kò mọ ìyá ẹnikẹ́ni? Ṣé ìwọ ni, Ọdẹ́rìndé? Ìwọ tí o kó wa wá sí ibi tí àkùkọ kò ti mọ ìgbà tí yóò kọ, ìwọ lo tún fẹ́ sọ ibẹ̀ di ilé fún wa?"

Ìyá Gbádébọ̀ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó fi apá kan gbá ìkòkò tuntun mọ́ àyà, ó sì na ìka ọwọ́ kejì sí ojú mi bí ẹni pé ó fẹ́ fi yọ ọ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ rọra, ọmọ ń sùn."

"Kí ó jí! Kí ó jí kí ó wá wo ọdẹ tó fẹ́ sọ ọ́ di aláìnílé ní ọjọ́ tí a bí i!"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ra lábẹ́ igi òdán yìí kí òjìji lè kárí. Mo rí i pé etí yín ti nà, ṣùgbọ́n n kò ní í parí ìjà náà fún yín báyìí. Ẹni tí yóò jẹ ìgbín yóò kọ́kọ́ fọ́ ìkarahun. Èmi ni Ọdẹ́rìndé ọmọ Akíngbadé, èmi tí ẹkùn rí lójú ọ̀nà tí ó yà sínú igbó bí ọmọ ilé-ìwé tó rí olùkọ́ rẹ̀ lọ́jà. Èmi tí iwin ń kí ní "ẹ kú àtijọ́". Kò sí ìjà tí mo wọ̀ rí tí n kò mọ ẹnu ọ̀nà tí n ó gbà jáde, àfi èyí tí èmi àti arúgbó yìí jà ní Ilẹ̀ Pupa, lẹ́yìn òṣùpá lọ́hùn-ún, níbi tí ayé tí ẹ jókòó lé yìí ti dàbí ìràwọ̀ kékeré kan.

"Baba Ọdẹ, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀!"

Ta nìyẹn? Múfútáù aránṣọ! Ìwọ tí o rán ṣòkòtò fún baálẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ, tí o wá ní ẹsẹ̀ baálẹ̀ ni kò dọ́gba! Jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí mo bá parí, bí irọ́ bá wà níbẹ̀, gbé tépù rẹ wá, kí o wọ̀n ọ́n.

Ìlú Ayékan ni a ti ṣí. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé inú rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn tí Olódùmarè dá ń gbé. Kò sí ìlú mìíràn. Ìlú ńlá ni, ìlú ariwo ni, ìlú tí ènìyàn ti ń jà nítorí ààlà ilẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n sì ń jẹun pọ̀ lọ́sàn-án. Kò sí ẹni tí ó rò ó rí pé ìlú bẹ́ẹ̀ lè tán.

Ní ọjọ́ kan ni mo tẹ̀lé ipasẹ̀ ẹfọ̀n kan wọ Igbó Àìdáhùn. Igbó náà kì í dá ènìyàn lóhùn: o pariwo, ohùn rẹ kò padà, o fọn fèrè, fèrè náà dákẹ́ ní ẹnu rẹ. Èmi kò bẹ̀rù. Mo rìn títí mo fi já sí ẹnu kòtò kan tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ kì í fò ó kọjá láìgbé oúnjẹ dání. Mo sọ̀ kalẹ̀. Kí ni mo bá ní ìsàlẹ̀? Àdògán. Odó tó ti là sí méjì. Ọlọ. Àká iṣu tó jóná tí eérú rẹ̀ ti di òkúta. Ìlú ni ó wà níbẹ̀ rí! Nídìí àdògán kọ̀ọ̀kan ni àwọn kan jókòó tí wọ́n na ọwọ́ sí iná tí kò sí, bí ẹni tí ó ń yáná ní ìgbà ọyẹ́.

Ọ̀kan dìde nínú wọn. Ó ga bí ọ̀pẹ, ó fẹ́lẹ́ bí èéfín, mo sì ń rí ògiri kòtò náà láti inú ikùn rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, kí ni ó kú, tí wọ́n sin ín, tí ó tún wá kú?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹran tí ọdẹ tí kò mọṣẹ́ yìnbọn sí ni! Bí ó bá jẹ́ tèmi, ẹ̀ẹ̀kan ni í kú."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ènìyàn tí kò sí ẹni tí yóò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ni. Ìlú kan ṣoṣo ni àwa náà ní. Inú àká kan ni a kó gbogbo iṣu wa sí. Òkúta kan tí kò nílé, tí ó ń rìn kiri ojú sánmà, ló jábọ́ lé wa. A kò ṣẹ̀ ẹ́. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé a wà níbẹ̀."

Mo ní, "Òkúta náà ńkọ́?"

Ó gbé ojú sókè. Ó ní, "Ó ti fọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àbúrò rẹ̀ pọ̀."

Ó ku ohun kan tí òun àti èmi jọ sọ, tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ayékan nígbà tí mo padà délé. Ẹ fi sọ́kàn. A ó padà dé ìdí rẹ̀.

Mo délé, mo rò ó fún ìlú. Ariwo sọ. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn. Gbádébọ̀ alágbẹ̀dẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin tí apá rẹ̀ tó itan ẹlòmíràn, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní kí a wá ilẹ̀ mìíràn lójú sánmà, kí òun rọ ohun tí yóò gbé wa débẹ̀. Kò tíì pa ẹnu dé tí ìyá rẹ̀ fi fò dìde.

"Òrùlé Ayékan ń jò, ẹ kò rí i ṣe. Òkè sánmà lẹ wá fẹ́ lọ kọ́lé sí?"

Gbádébọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí ó tó fèsì. "Màmá, a kò ní kí ẹnikẹ́ni má tún òrùlé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nígbà wo lẹ kó gbogbo èbù iṣu yín sínú àká kan rí? Ẹ kó díẹ̀ sí oko etílé, ẹ kó díẹ̀ sí oko ẹgàn, kí ọ̀kan lè kù bí ọ̀kan bá jóná. Ṣé èbù iṣu wá ṣe iyebíye ju èbù ènìyàn lọ ni?"

Arúgbó wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Bí ó bá ń ya wèrè lọ, èmi náà yóò tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: àjò kì í dùn kí onílé má relé. A ń lọ, a ó sì bọ̀."

Gbogbo wa ní àṣẹ.

Gbádébọ̀ wá rọ Agbè Irin. Ó rí roboto bí agbè ẹmu, ọrùn rẹ̀ kọjú sókè. A kó èbù sínú rẹ̀, a kó àgbàdo, a kó ẹ̀wà, a kó adìyẹ, àwa ènìyàn díẹ̀ sì wọlé bí irúgbìn. Àwẹ̀ró ìyàwó Gbádébọ̀ wà pẹ̀lú wa, obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Oyún inú rẹ̀ nígbà náà kò tíì ju àṣírí tọkọtaya lọ. Bí agbè náà ṣe gbéra, ẹ má bi mí. Iná tú ní ìdí rẹ̀, ikùn mi kọjá sí ẹ̀yìn mi, nígbà tí mo sì máa wo ìsàlẹ̀, Ayékan ti di ohun tí ọmọdé lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò mọ́lẹ̀. Ó dúdú bí aró, ó mọ́ bí omi òwúrọ̀, ó dá wà nínú òkùnkùn. Ọkàn mi rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo ní nínú mi pé, àṣé ibi tí a ti ń jà nítorí ààlà nìyí.

A dé ẹnubodè Afẹ́fẹ́-Tán. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń jẹ́ Aṣọ́-Èémí. Kò ní etí, kò ní irun, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ rí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, bí ó bá sì fà á, aṣọ ara wa á fẹ́ lọ bá a. Ó bu èémí sínú kèrègbè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Èyí ni ẹ ó fi dé ọ̀hún. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, èémí tirẹ̀ ló ń ná." Ó wá pa àlọ́ fún wa pé, "Kí ni a ń ná tí a kò rí, tí a kò sì lè tọrọ padà?"

Ẹ wo wàhálà! Èmi mọ̀ ọ́n. Ó wà lórí ahọ́n mi! Ṣùgbọ́n bí mo bá la ẹnu, mo ti ná an. Ẹnu ń yún mi bí ẹni tó jẹ iṣu èsúrú tí kò jinná. Àwẹ̀ró ló rọra gbé ọwọ́ lé ẹnu ara rẹ̀. Aṣọ́-Èémí rẹ́rìn-ín, ó ní obìnrin náà ti dáhùn, ó ṣí ẹnubodè.

Láti ibẹ̀ lọ, èmi àti Ìyá Gbádébọ̀, àwa méjèèjì tí ẹnu wa kì í sinmi, a kò gbọ́dọ̀ sọ gbólóhùn kan. Mo gbé ìbéèrè sójú, ó gbé èsì síwájú orí. Nígbà tí ó sú u, ó na ìka márààrún sí mi. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí mo ṣe wà níbẹ̀, mo ní èsì mẹ́fà fún un, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Mo ti bá erè jìjàkadì rí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èyí le jù ú lọ.

Bí a ṣe dé Ilẹ̀ Pupa nìyẹn. Ilẹ̀ náà pupa bí osùn láti ẹsẹ̀ wa títí dé ibi tí ojú mọ. Ó dákẹ́, ó tutù, oòrùn ibẹ̀ kéré bí ẹni pé wọ́n ti lò ó kù. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí òkè, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ń fẹ́ lọ fẹ́ bọ̀ bí èéfín oko. Baba Eruku ni, òun ni onílẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbálẹ̀ de ẹnì kan. Kí ni ẹ wá ṣe?"

Ẹni tó dàgbà jù ló ń sọ̀rọ̀ ní irú ibẹ̀, nítorí náà Ìyá Gbádébọ̀ kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, àlejò ni wá. Ilẹ̀ tí a ó fi jẹun ni a tọrọ. A kò ní gbin obì, a kò ní gbin ọ̀pẹ. Iṣu àti àgbàdo nìkan ni, kí a tó padà sílé."

Ṣé ẹ rí i, ẹnikẹ́ni nínú yín ì bá sọ ohun kan náà. Bí ọmọlúàbí ti í tọrọ ilẹ̀ nìyẹn. Àlejò tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ẹjọ́ ló gbìn, nítorí igi a máa pẹ́ ju àdéhùn lọ. Gbogbo wa mi orí pé ìyá sọ̀rọ̀ bí àgbà. Baba Eruku nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó wo ilẹ̀ tí ó ti gbá. Ó ní, "Mo ti gbọ́ yín."

A kọ ebè. A kò rẹ́ ògiri ilé, ahéré ni a pa, nítorí a ó lọ. Iṣu hù, ó gun ọ̀pá, ó dé ìwọ̀n àyà ènìyàn, ó wò yíká, ó sì rọ. Àgbàdo yọ irùkẹ̀rẹ̀, kò yọ ọmọ. A gbẹ́ kànga. Omi yóò gòkè wá títí a ó fi rí ojú ara wa nínú rẹ̀, nígbà tí a bá sì gbé igbá sílẹ̀ báyìí, yóò padà sísàlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ a ó jókòó síta, a ó kọjú sí ìràwọ̀ kékeré aláwọ̀ aró yẹn, ẹnì kan á ní, "Àjò kì í dùn," àwọn yòókù á gbè é pé, "kí onílé má relé." Ìyá Gbádébọ̀ á fa etí ìró rẹ̀ bo imú.

Nígbà tí èbù tó kù kò tó ohun tí a ó tún gbìn, mo gun òkè lọ bá Baba Eruku. Mo ní, "Bàbá, kí la ṣe fún ilẹ̀ yìí?"

Ó ní, "Ta ni ó wọlé tí kò tíì wọlé?"

Ẹ̀rín kọ́ ni mo fi dáhùn lọ́tẹ̀ yìí. Mo ronú. Mo ní, "Ẹni tí kò tíì sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀."

"O gbọ́n ju ariwo rẹ lọ. Arúgbó yín sọ fún ilẹ̀ mi pé ẹ ń lọ. Ilẹ̀ mi gbà á gbọ́. Taa ni í se oúnjẹ de ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà? Ẹnu ló sọ ọ́, ẹnu kò sì lè pa á rẹ́. Kí ọwọ́ ẹni tó sọ ọ́ sin ohun kan síbí, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní hú mọ́."

Mo ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ni mo gbọ́ ẹkún ọmọ. Àwẹ̀ró ti bímọ, obìnrin ni, orí rẹ̀ kún fún irun.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bóyá ẹ kò mọ àṣà Ayékan àtijọ́. Ìyá ọkọ ni í sin ibi ọmọ. Bí ó bá wà láàyè tí ẹlòmíràn gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a jẹ́ pé a kò sin nǹkan kan. Ibi tí ó bá sin ín sí, ibẹ̀ ni ilé ọmọ náà títí ayé. Ibẹ̀ ni yóò máa tọ́ka sí bí wọ́n bá bi í ní ilé baba rẹ̀. Gbogbo wa ń wo ọwọ́ Ìyá Gbádébọ̀. Ó gbé ibi ọmọ, ó gbé e sínú ìkòkò tuntun, ó da iyọ̀ àti eérú lé e lórí kí ó má bàa bàjẹ́, ó sì ń wá aṣọ tí yóò fi dì í. Ó ní òun yóò gbé e padà sí Ayékan.

Mo sọ ohun tí Baba Eruku wí fún un, mo sì na ọwọ́ sí ìkòkò náà pé kí ó sin ín síbẹ̀. A ti dé ibi ìjà wàyí.

"Ìyá," mo ní, "bí ẹ bá gbé ìkòkò yìí wọ inú agbè, gbogbo wa la ó tẹ̀lé e. Kò sì ní sí ẹni tí yóò tún wá mọ́. Àwọn àbúrò òkúta yẹn ṣì ń rìn kiri!"

"Kí wọ́n máa rìn! Bí wọ́n bá bi ọmọ mi pé níbo ni ilé rẹ̀, kí ni yóò sọ? Kí ó tọ́ka sí eruku?"

"Àwọn tó tẹ Ayékan dó ńkọ́? Kí ni ìyá wọn rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ṣebí igbó àti kòkòrò ni! Ìlú wo lẹ rí rí tí kì í ṣe ahéré ló kọ́kọ́ jẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ọdẹ́rìndé, ẹnu rẹ mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n abẹ kì í gbẹ́lẹ̀. Ìwọ bí mélòó? Ibi ọmọ ta ni wọ́n sin nítorí tìrẹ rí?"

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọlé. Gbádébọ̀ ní, "Màmá, ó tó." Mo ní kí ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ nínú eruku níwájú rẹ̀, mo sì sọ èyí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ayékan.

Mo ní, "Ìyá, kí n tó kúrò nínú kòtò ọjọ́sí, mo bi ẹni èéfín yẹn ní orúkọ rẹ̀. Mo ní kí ó sọ ọ́ kí n lè máa pè é, kí ó má bàa kú lẹ́ẹ̀kejì. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. Ó ní ó ti pẹ́ jù tí ẹnikẹ́ni ti pè é. Òun ti gbàgbé."

Afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku kọjá láàárín wa.

Ìyá Gbádébọ̀ ní, "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"N kò lè mọ̀ ọ́n mọ́, Ìyá."

"Kò rántí tirẹ̀? Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́?"

"Kò rántí."

Láti orí ẹní ni Àwẹ̀ró ti sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lọ. "Màmá, mo fẹ́ kí ọmọ yìí máa pe orúkọ yín. Kí ó máa pè é níbi tí òkúta kan ṣoṣo kò ti lè pa gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Arúgbó gbé ìkòkò sílẹ̀. Ó tú etí ìró rẹ̀, kókó kan tí a ti ń rí láti Ayékan tí a rò pé tábà ló wà níbẹ̀. Obì àbàtà kan ni, ó ti yọ èéhù díẹ̀.

Gbádébọ̀ dúró bí òpó. "Màmá, obì ìdí ilé wa? Èyí tó hù lórí ibi mi?"

"Kí lo rò pé mò ń gbóòórùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́? Ṣé o rò pé ẹkún ni mò ń sun?" Ó nu imú. Ó kọjú sí orí òkè, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ fò sókè. "Baba Eruku! Mo sọ fún ọ pé n kò ní gbin obì! Irọ́ ni mo pa!"

Irùngbọ̀n orí òkè dúró, kò fẹ́ mọ́.

Ìyá Gbádébọ̀ gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò níbẹ̀ kí n má ṣá a. Ìwọ náà, o ti rí ọmọ tí a ó sọ fún pé o wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ibi rẹ̀." Ó ṣán ọkọ́ lẹ́ẹ̀kíní, ilẹ̀ ta á padà, iná ṣẹ́. Ó tún un ṣán, ojú ilẹ̀ kàn họ bí awọ ni. Gbádébọ̀ na ọwọ́ láti ràn án lọ́wọ́. Ó fi ìgúnpá tì í sẹ́yìn. Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ó pe orúkọ ìyá rẹ̀, ó pe orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, ó gbé ọkọ́ náà sókè kọjá gèlè orí rẹ̀, ó sì fi gbogbo ara sọ ọ́ kalẹ̀, ọkọ́ náà sì wọlẹ̀ títí dé ọrùn.